Ológbò yín ń lo oògùn ojoojúmọ́? Ẹ máa ṣọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa gba ológbò sílé nítorí eku. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ti sọ ọ́ lórúkọ, ó ti di ara ilé nìyẹn. Bó bá wá ní àìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, bíi wárápá tàbí làpálàpá tó ń padà wá, ẹ lè máa fún un lóògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ oògùn di ohun tí ara lè dà nù. Ti ológbò kò lágbára iṣẹ́ yìí tó ti ènìyàn tàbí ti ajá, nítorí náà àwọn oògùn kan máa ń pẹ́ lára rẹ̀ títí wọn yóò fi di májèlé. Ẹ wo paracetamol. Hóró kan ṣoṣo, ìyẹn 500mg tí àgbàlagbà ń lò fún ẹ̀fọ́rí, lè pa ológbò. Èrìgì rẹ̀ á ṣú bíi kọfí, ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, mímí á ṣòro fún un. Ìdajì kò dáa, ti olómi tí à ń fún ọmọdé náà kò dáa. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, torí àánú ni wọ́n máa fi fún un. Ẹ má sì rọ ọ́ ní epo pupa bó bá ti gbé e mì. Epo kò pa májèlé yìí, ó sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tó ń kápá rẹ̀, acetylcysteine, ọwọ́ dókítà ẹranko ló wà, wọ́n sì ní láti tètè lò ó.

Oògùn tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ náà lè fa wàhálà. Ketoconazole, tí wọ́n ń lò fún làpálàpá, lè fa èébì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Diazepam tí wọ́n ń gbé mì ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn ológbò kan jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í fura sí ni àìjẹun. Oògùn lè má fọwọ́ kan ẹ̀dọ̀ rárá, kí inú kàn máa rin ológbò, kó sì kọ oúnjẹ. Ká ní ajá ni, ó lè fara dà á. Ológbò, pàápàá èyí tó sanra, kò lè ṣe é: láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á kún, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá yẹ inú etí rẹ̀ wò, ẹ lè rí i pé ó ti pọ́n bíi gàrí elépo. Ìyẹn ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì máa ń yè bí oúnjẹ bá tètè dé ikùn wọn, nígbà mìíràn nípasẹ̀ rọ́bà tí dókítà fi sí wọn lọ́rùn.

Kí ẹnì kan nínú ilé máa wo àwo rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá lo ọjọ́ kan gbáko láìjẹun, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ti wárápá pàápàá, torí gìrì lè dé lójijì. Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ẹ̀dọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú páálí gbogbo oògùn tó ti lò dání, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ àgbo náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fún un.