Orin tí wọ́n lé kúrò nílé ló forí pamọ́ sí ilé ọtí

Ní alẹ́, nínú àwọn ilé ọtí agbègbè Clare ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, àárín àwọn tó ń jẹ tó ń mu ni àwọn olórin máa ń jókòó sí, tí wọ́n á yí tábìlì kan ká. Kò sí pèpéle, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹnì kan á dá orin lórí fayolíìnì, àwọn tó mọ̀ ọ́n á sì fi fèrè, kọnsẹtínà àti bodhrán, ìlù pẹlẹbẹ aláwọ ewúrẹ́, gbè é. Bí wọ́n bá ti yí orin kan po lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á bọ́ sínú òmíràn láìdúró mí. Etí ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Àlejò tó gbé fèrè tirẹ̀ dání lè bá wọn jókòó, àmọ́ ó yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ àyè.

Inú ilé àwọn àgbẹ̀ ni orin yìí ń gbé tẹ́lẹ̀, nínú yàrá ìdáná tí aládùúgbò ti ń pé jó. Ní 1935, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti pariwo títí pé ijó ń ba ọmọ jẹ́, ìjọba ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe agbo ijó ìgboro gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ní kóòtù. Àwọn àlùfáà kan àti ọlọ́pàá fi òfin náà tú agbo inú ilé pàápàá ká.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àìmọye ọ̀dọ́ Írẹ́lándì wá iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Yàrá kóńkó ni wọ́n ń háyà, onílé wo ló sì máa gbà kí wọ́n ta fayolíìnì lóru? Àwọn ilé ọtí agbègbè Camden Town ní Lọ́ńdọ̀nù àti àyíká rẹ̀ ló gbà wọ́n. Níbẹ̀ ni àṣà ìjókòó yí tábìlì ká ti rẹsẹ̀ walẹ̀, kó tó gbilẹ̀ ní Írẹ́lándì fúnra rẹ̀. Ilé ọtí O'Donoghue's ní Dublin ni ẹgbẹ́ olórin The Dubliners ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ní abúlé Doolin ní Clare, ọ̀nà jíjìn ni èèyàn ti máa ń wá gbọ́ fèrè Micho Russell ní ilé ọtí O'Connor's nígbà ayé rẹ̀.

Ibi tó gba orin yìí kì í ṣe ibi ọtí lásán. Orúkọ ìdílé tó ni ín ló sábà máa ń wà lókè ilẹ̀kùn. Ní ìgbèríko, ṣọ́ọ̀bù ni apá kan rẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta tíì, ṣúgà àti ìṣó. Ní ilé ọtí Foxy John's ní ìlú Dingle, irinṣẹ́ ṣì wà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọtí. Òfin kan ní 1846 tilẹ̀ ní kí wọ́n máa gbé òkú tó ń dúró de ìwádìí lọ sí ilé ọtí tó bá sún mọ́ jù, torí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. 1962 ni wọ́n tó fagi lé e, àwọn onílé ọtí kan sì ṣì ń ṣètò ìsìnkú.

Oúnjẹ gidi dé ilé ọtí lẹ́yìn. Nígbà tí òfin mímutí wakọ̀ le sí i, tí wọ́n sì ka sìgá léèwọ̀ nínú ilé ọtí ní 2004, ọ̀pọ̀ yíjú sí ìkòkò: ọbẹ̀ ẹran àgùntàn àti ànàmọ́ òyìnbó, ọbẹ̀ ẹja onímílíìkì pẹ̀lú búrẹ́dì dúdú, àti ife Guinness, tí Ìkẹjà náà ti ń pọn láti àwọn ọdún 1960.

Ohun tó ń dùn mí ni pé láti 2005, nǹkan bí 2,000 ilé ọtí ló ti kógbá sílé ní Írẹ́lándì, àwọn ìgbèríko ló sì fara gbá a jù. Láti 1902, ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé ọtí tuntun gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ tó ti wà nílẹ̀, òfin ọdún 2000 sì jẹ́ kó lè rà á níbikíbi lórílẹ̀-èdè náà. Ìwé àṣẹ abúlé lè tipa bẹ́ẹ̀ di ti súpámákẹ́ẹ̀tì ní Dublin, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti jókòó ta fayolíìnì.