Ẹyẹ, Kòkòrò àti Ṣọ̀npọ̀nná: Ìṣòro Ìtumọ̀ nínú Àlàyé Súrà Erin

Súrà 105 nínú Àlùkùránì kò ju ẹsẹ 5 lọ, síbẹ̀ ó ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹlẹ́rin, tí àwọn onítumọ̀ àtijọ́ pè ní ọmọ-ogun Abraha, olórí Yẹ́mẹ̀n, tí ó fẹ́ wó Káábà ní Mẹ́kà. Ọlọ́run rán ohun tí Lárúbáwá ń pè ní tayr sí wọn, ó sì fi òkúta amọ̀ pa wọ́n run.

Muhammad Abduh (1849–1905), tí ó di Múfítì Íjíbítì ní 1899, sọ pé ó ṣeé ṣe kí tayr náà jẹ́ irú ẹ̀fọn tàbí eṣinṣin kan tí ó gbé kòkòrò àrùn, kí àrùn ọ̀hún sì jẹ́ ṣọ̀npọ̀nná. Ìròyìn àtijọ́ tí Ibn Ishaq kọ sílẹ̀ pé ọdún náà ni a kọ́kọ́ rí àrùn yìí ní ilẹ̀ Lárúbáwá ṣe àtìlẹ́yìn fún un. Sayyid Qutb (1906–1966) kò gbà. Lójú tirẹ̀, agbára Ọlọ́run kò mọ sí ibi tí ojú ènìyàn ti mọ́ ọn.

Báwo ni Yorùbá yóò ṣe gbé àríyànjiyàn yìí? Inú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí “fò” ni tayr ti wá. Ẹ̀fọn kò sì sí lára ohun tí Yorùbá ń pè ní ẹyẹ. Atúmọ̀ tí ó bá kọ “ẹyẹ” nínú àlàyé Abduh ti dá a lẹ́bi kí ó tó rojọ́. Ní ìdà kejì, “kòkòrò” ni Yorùbá ń pe ẹ̀fọn, òun náà ni a ń pe ohun tí ẹ̀fọn gbé. Bí a kò bá fi “àìfojúrí” kún ti ìkejì, agbérù àti ẹrù yóò di ọ̀kan náà.

Ṣọ̀npọ̀nná ló le jù. Orúkọ òrìṣà ni. Láti 1980 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè tètè rántí òrìṣà ju àrùn lọ. Yóò wá dà bí ẹni pé Abduh fi iṣẹ́ Ọlọ́run fún òrìṣà, èyí tí ó lòdì pátápátá sí èrò rẹ̀. “Àrùn ṣọ̀npọ̀nná” ni ó yẹ ní kíkọ.

Nítorí náà, kí “ẹyẹ” dúró nínú ẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onítumọ̀ ti gbà á, kí “ẹ̀dá tí ń fò” sì wà nínú àlàyé Abduh. Òǹkàwé ni yóò dá ẹjọ́ náà. Ti atúmọ̀ ni kí ó jẹ́ kí tọ̀tún-tòsì rojọ́.