Ìṣirò inú ìtàn: òbí tí kò gbọ́ Faransé lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́

Ọmọ kan lè mọ ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín dáadáa. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fi ìṣirò sínú ìtàn, tí ìtàn náà sì ní ju ìgbésẹ̀ kan lọ, ọmọ náà a dákẹ́. Òmíràn a kàn máa da àwọn nọ́ńbà pọ̀ mọ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni irú ìṣirò yìí ń dúró de àwọn ọmọ CM2 nínú ìdánwò CEP, ní òpin ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní Okpara àti ní àwọn abúlé Ṣábẹ̀ẹ́ yòókù, òbí lè wí pé: "N kò gbọ́ Faransé, kí ni mo lè ṣe?" Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nǹkan púpọ̀ ni ẹ lè ṣe. Ẹni tí ń ra ọjà, tí ń san owó ọkọ̀, tí ń tà á, tí ó sì mọ èrè rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìṣirò onígbèésẹ̀ púpọ̀ ni ó ń ṣe.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí

Obìnrin kan ra àpò àgbàdo 3 ní Okpara. Àpò kan jẹ́ 14 000 fráǹkì. Ó san 1 500 fráǹkì láti kó gbogbo rẹ̀ dé ọjà Ṣábẹ̀ẹ́. Abọ́ 40 ni ó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ó ta abọ́ kan ní 450 fráǹkì. Èló ni èrè rẹ̀?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a rí kà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́rin mìíràn fara pamọ́ sínú ìtàn náà. Ọmọ tí kò rí wọn a ṣe 14 000 × 3, a rí 42 000, a sì fi í ṣe èsì. Ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ìtàn ni kò yé e.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin

Ní ọdún 1945, George Pólya, onímọ̀ ìṣirò tí a bí ní Hungary tí ó sì ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ti ń yanjú ìṣirò. Ó pín iṣẹ́ náà sí mẹ́rin.

Èkíní: kí ìtàn yé ọmọ. Ẹ ní kí ó pa ìwé dé, kí ó sì fi Yorùbá sọ ìtàn náà fún yín. Kí ni obìnrin náà rà? Kí ni ó san? Kí ni wọ́n ń béèrè? Bí kò bá lè sọ ọ́, kí ó tún un kà kí ó tó mú kálámù.

Èkejì: kí ó wá ọ̀nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Kí a tó mọ èrè, kí ni a ní láti mọ̀?" Owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde. "Kí a tó mọ owó tí ó wọlé ńkọ́?" Iye abọ́ tí ó tà.

Ẹ̀kẹta: kí ó ṣe é, ìgbésẹ̀ kan lórí ìlà kan, kí ó sì kọ orúkọ ohun tí ó rí.

Owó àgbàdo: 14 000 × 3 = 42 000 fráǹkì
Gbogbo ìnáwó: 42 000 + 1 500 = 43 500 fráǹkì
Iye abọ́: 40 × 3 = 120 abọ́
Owó tí ó wọlé: 450 × 120 = 54 000 fráǹkì
Èrè: 54 000 – 43 500 = 10 500 fráǹkì

Ẹ̀kẹrin: kí ó wẹ̀yìn wò. Bí a bá ro èrè pọ̀ mọ́ ìnáwó, ṣé a ó rí 54 000? Bí ọmọ bá sì sọ pé èrè àpò 3 jẹ́ 500 000 fráǹkì, ẹ bi í pé: "Ọmọ mi, ọjà wo ni wọ́n ti ń rí èyí?" Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà ni ẹ lè kọ́ ọ ní èyí jù.

Ọ̀rọ̀ tí ń tan ọmọ jẹ

Ẹ̀gbọ́n ní 5 000 fráǹkì. Owó rẹ̀ fi 2 000 ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Èló ni àbúrò ní? Ọmọ tí ó rí "ju" a yára ròpọ̀, a ní 7 000. Ẹ bi í pé: "Ta ni owó rẹ̀ pọ̀ jù?" Ẹ̀gbọ́n ni. Nítorí náà, ti àbúrò gbọ́dọ̀ kéré sí 5 000. Èsì ni 3 000.

Yorùbá kò dènà ìṣirò

Orúkọ nọ́ńbà wa gan-an, ìṣirò ni. Àrúndínláàádọ́ta ni 45: a yọ 5 kúrò nínú 50. Ọgọ́rin ni 80: ogún mẹ́rin ni. Ohun kan náà ni Faransé ń wí nígbà tí ó bá ní "quatre-vingts".

Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n tilẹ̀ tayọ wọn nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́.

Ẹ dán èyí wò pẹ̀lú ọmọ yín ní alẹ́ òní

Àgbẹ̀ kan kórè kajú 250 kìlò. Ó tọ́jú 50 kìlò, ó ta ìyókù ní 300 fráǹkì fún kìlò kan. Ó ra ìwé àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ 2, ọmọ kọ̀ọ̀kan 9 500 fráǹkì. Èló ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀?

Èsì rẹ̀ ni 41 000 fráǹkì. Ẹ má yára sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ti dé ibẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.