Kí Wọ́n Tó Sọ Gíà Kalẹ̀, Ẹ Wọn Báàtìrì

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọtọmátíìkì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó Ọ̀tà, láàárín àwọn tírélà tó ń kó ẹrù ilé iṣẹ́, lè rí i pé gíà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í já gììrì, tàbí kó dúró sórí nọ́ńbà kan ṣoṣo, kó má kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọkàn á já, owó tí wọ́n fi ń tún gíà ṣe ò kéré. Ẹ jẹ́ kí oníwáyà wọn báàtìrì ná.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ mánúà, báàtìrì ò ní ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ló ń yí gíà. Báàtìrì tó rẹ̀ kò ní jẹ́ kí dánfó mánúà sítáàtì, àmọ́ tí wọ́n bá tì í tó sì jí, gíà rẹ̀ á wọlé.

Ti ọtọmátíìkì yàtọ̀. Epo gíà tí páǹpù ń tì kiri ló ń di àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ mú. Ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún epo náà, tó sì ń tì í, ni solenoid: wáyà wíwé kékeré tó máa ń di òòfà nígbà tí iná bá gbà á kọjá. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pàṣẹ fún un. Bí iná ò bá tó, solenoid ò ní lè fà dáadáa, brain box pàápàá ò sì ní gbọ́ ìròyìn tó péye. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á wá di gíà kan mú, nọ́ńbà kejì tàbí ẹ̀kẹta lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ lè rọra délé. Ìdí kan náà ni lífà fi máa ń há sí P nígbà míì: iná ló ń jẹ́ kí òòfà tú ohun tó tì í pa.

Ẹnì kan lè ní, ṣebí alternator ló ń pèsè iná tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú gósíloò, ẹ́ńjìnnì ń yí díẹ̀díẹ̀, alternator náà ò lágbára, bẹ́ẹ̀ AC, fáànù àti iná iwájú ń fa tiwọn. Báàtìrì ló yẹ kó dí àlàfo yẹn. Ooru ilẹ̀ wa sì ń tètè pa báàtìrì, pàápàá èyí tó bá tòkunbọ̀ wá, tó ti wà láìṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan kí ọkọ̀ tó dọ́wọ́ yín.

Báàtìrì tó pé, tó sì ti sinmi mọ́jú, máa ń fi nǹkan bíi fólítì 12.6 hàn lórí mítà. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìdajì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.7 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí kò bá tó 13, ẹ wo alternator àti bẹ́líìtì rẹ̀. Báàtìrì tuntun ò ní yanjú ìṣòro yẹn. Ẹ fọ ìdọ̀tí funfun tó wà lórí báàtìrì, kí ẹ sì wò ó bóyá wáyà ẹ́ẹ̀tì ti tú.

Lẹ́yìn báàtìrì tuntun, gíà àwọn ọkọ̀ kan lè ṣe gbágungbàgun fún ọjọ́ díẹ̀, torí brain box ti gbàgbé ohun tó ti kọ́. Ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí iná bá pé, tí epo gíà dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ké tí ọkọ̀ ò lọ, gíà gan-an ló ń ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.