Lẹ́tà Kékeré Lára Owó Àtijọ́: Ẹ Wò Ó Kí Ẹ Tó Tà Á

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ní agolo tàbí ìkòkò tí àwọn àgbà kó owó àtijọ́ sí: ṣílè, sísì, tọ́rọ́, kọ́bọ̀ onihò, eépìnnì àti ọ̀nínì. Ó ti pẹ́ tí a ti ná wọn kẹ́yìn, nítorí náírà gbapò pọ́ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1973. Síbẹ̀, àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá wọn kiri. Bí oníbàárà bá gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ tó ní òun yóò ra gbogbo rẹ̀ bí ẹni ra irin àlòkù, ẹni tí kò mọ ohun tó wà lára owó rẹ̀ ni yóò pàdánù.

Lára èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọ̀nyí, ẹ óò rí i tí a kọ BRITISH WEST AFRICA. Owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Nàìjíríà, Gold Coast (Gáná òde òní), Sàró àti Gáḿbíà. Ilé-iṣẹ́ ìrọwó tó rọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà kékeré sàmì sí i:

H: ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
KN: ilé-iṣẹ́ King's Norton, Birmingham kan náà.
SA: Pretoria, ní South Africa. Lára kọ́bọ̀ kan tí wọ́n rọ láàárín 1940 sí 1949 ni ẹ ti lè rí i.
Bí kò bá sí lẹ́tà: ilé-iṣẹ́ ìrọwó ọba ní London. Àìsí lẹ́tà kì í ṣe àléébù.

Ojú tí ọdún wà ni kí ẹ wò. Lára owó onihò, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà ló yí ihò ká. Lára ṣílè, igi ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà náà kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ lo dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ sì jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Lẹ́tà nìkan kò tó. Òun àti ọdún ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lè rọ kọ́bọ̀, kí iye tí ọ̀kan rọ má tó ti èkejì. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni owó rẹ̀ máa ń ga. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìtàn tàn yín jẹ. Ọba Edward kẹjọ kò lò tó ọdún kan lórí oyè, ní 1936. Orí ọba kì í sí lára owó onihò, orúkọ rẹ̀ nìkan ni, nítorí náà ni wọ́n ṣe tètè rọ ti Edward. H wà nínú rẹ̀, KN wà, èyí tí kò ní lẹ́tà náà wà. Àwọn kan a máa pè é ní ohun ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n rọ ọ́ púpọ̀.

Ẹ wo irin rẹ̀ pẹ̀lú. Fàdákà ni tọ́rọ́, sísì àti ṣílè nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ wọ́n. Ẹ má da ṣílè 1914 pọ̀ mọ́ ti 1938 lórí òṣùwọ̀n.

Ẹ má fi eérú, yanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó náà kí ó lè dán. Fífọ̀ ń ha ojú owó, ó ń pa lẹ́tà rẹ́, ó sì ń dín iye rẹ̀ kù lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu eruku kúrò, ó tán.

Kí ẹ tó tà, ẹ fa ìlà sínú ìwé: orúkọ ọba, ọdún, lẹ́tà, irú irin. Ẹ kọ ti owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye lọ́wọ́ oníbàárà tó ju ẹnì kan lọ. Bí owó náà bá jẹ́ ogún ìdílé, kí gbogbo ẹbí rí ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́bọ̀.