Títòrò Omi Òkun: Ìwọ̀n Àtijọ́ àti Ọ̀rọ̀ tí Ó Bá A Mu

Bí a bá sọ pé omi kan mọ́, ohun méjì ni olùgbọ́ lè rí dì mú: pé omi náà kò ní ẹ̀gbin, tàbí pé ojú ríran wọ inú rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ nípa òkun, ìtumọ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ dàpọ̀.

Ní ọdún 1865, Angelo Secchi, àlùfáà Àgùdà tí ó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, wà nínú ọkọ̀ ojú omi Póòpù lórí Òkun Mẹditaréníà. Òun àti ọ̀gákọ̀ Alessandro Cialdi so àwo pẹrẹsẹ funfun mọ́ okùn, wọ́n ń rọra tú okùn sílẹ̀ títí àwo náà fi pòórá lójú wọn. Bí okùn ti wọ omi tó nígbà náà ni ìwọ̀n. Nítorí pé ohun èlò yìí kò wọ́n, tí kò sì ṣòro í lò, àwọn onímọ̀ ti fi wọn òkun káàkiri ayé láti ìgbà náà.

Ẹni tí yóò ṣa àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí jọ ní ìbéèrè púpọ̀ láti bi wọ́n. Báwo ni àwo ti fẹ̀ tó? Ṣé funfun ni látòkè délẹ̀, tàbí dúdú òun funfun? Ǹjẹ́ ìgbì ń ru? Ibo ni oòrùn wà?

Láàárín agbami, ewéko wíńníwíńní tí ń léfòó ni olórí ohun tí ń dí ojú lọ́wọ́ láti ríran jìnnà. Ní 2010, Daniel Boyce, Marlon Lewis àti Boris Worm pa ìwọ̀n àwo pọ̀ mọ́ ìwọ̀n kilorofíìlì, èròjà tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, láti 1899 wá. Wọ́n ní ewéko náà ń dínkù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ní 2011, àwọn onímọ̀ mìíràn takò wọ́n: wọ́n ní pípa oríṣi ìwọ̀n méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi àdínkù hàn níbi tí kò sí.

Irú àṣìṣe kan náà lè ti ọwọ́ atúmọ̀ èdè wá. Bí ó bá kọ “ìmọ́tótó omi” sórí àtẹ ìwọ̀n Secchi, ó ti sọ ohun tí àwo kò wọ̀n, nítorí kòkòrò àrùn lè wà nínú omi tí ojú ríran dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Títòrò” sàn jù, nítorí ohun tí ojú rí ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n fún iye mítà tí a kọ sínú àtẹ, “ìjìnlẹ̀ ìpòórá” ni ó yẹ: ibi tí àwo ti pòórá ni a wọ̀n, kò sí òmíràn.