Ìjọba ló ni òkè, olówó ló ni ọ̀nà

Ní ọdún 2021, àwọn ọdẹ mẹ́rin kan láti ìpínlẹ̀ Missouri gbé àkàbà irin lọ sí Elk Mountain ní ìpínlẹ̀ Wyoming, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibi tí igun ilẹ̀ mẹ́rin ti pàdé ni wọ́n nà án sí. Méjì nínú ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, méjì yòókù jẹ́ ti bọ̀rọ̀kìnní kan tó fi òwò oògùn dolówó. Wọ́n fi ẹsẹ̀ àkàbà kan sórí ilẹ̀ ìjọba níhìn-ín, wọ́n fi èkejì sórí ilẹ̀ ìjọba lọ́hùn-ún, wọ́n gùn ún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì. Ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀ olówó rárá. Lọ́dún tó ṣáájú, òpó irin méjì tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so pọ̀ ni wọ́n bá ní igun yìí, pẹ̀lú àkọlé pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Òpó yẹn ni wọ́n dì mú nígbà náà tí wọ́n fi fò kọjá. Kí wọ́n má baà tún fọwọ́ kan òpó onílẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé àkàbà wá.

Ẹjọ́ tó ti ibẹ̀ yọ kò parí títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn wọ́n pé wọ́n wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ, àmọ́ àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà ní wọn ò jẹ̀bi. Iron Bar Holdings, ilé-iṣẹ́ tí olówó náà fi ni ilẹ̀, tún gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tó wà lókè igun náà, ti oníbàárà òun ni, àwọn ọdẹ yìí sì ti fi ara kọjá nínú rẹ̀. Ó ní bí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bá di ohun tí òfin gbà, owó ilẹ̀ náà yóò já wálẹ̀ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 7 dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi mílíọ̀nù 7 yìí, torí òun ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọdẹ yìí ò gé waya, wọn ò ba oko jẹ́, wọn ò dáná sungbó. Ilẹ̀ tí olówó rà ṣì pé láìku ìṣísẹ̀ kan. Ohun tí yóò dín kù ni pé kò ní í jẹ́ òun nìkan mọ́ ló ń ṣọdẹ lórí ilẹ̀ ìjọba tó há sáàárín tirẹ̀. A jẹ́ pé nígbà tí ó ń sanwó ilẹ̀ tirẹ̀, ó ti san owó ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà nìyí: olówó kò nílò láti ra òkè lọ́wọ́ ìjọba, kó ṣáà ti ra ọ̀nà tó lọ síbẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe há

Ọ̀rọ̀ rélùwéè ló bí i. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kí ojú irin kọjá láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, owó kò sì tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ó ya ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú irin sí onígun mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì kan níbùú, máìlì kan lóròó, ìyẹn 640 éékà. Ó fún rélùwéè ní ọ̀kan, ó fo ọ̀kan fún ara rẹ̀, ó tún fún un ní ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí. Northern Pacific, tó gba àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 1864, rí irú ilẹ̀ yìí gbà dé nǹkan bíi 40 máìlì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ojú irin rẹ̀ láwọn ibi tí kò tíì di ìpínlẹ̀. Èrò ìjọba ni pé rélùwéè yóò ta tirẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ yóò dé, owó ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí ìjọba lọ́wọ́ náà yóò sì gòkè.

Ní ibi tí àgbẹ̀ ti dé, gbogbo rẹ̀ di oko. Ní orí òkè àti inú aṣálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dáko sí, abala-abala yẹn wà bẹ́ẹ̀ dòní. Ilẹ̀ ìjọba àti ilẹ̀ ìjọba kì í kanra níbòmíràn àfi ní igun, ní ojú ibi tí kò fẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ máàpù onX ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2022, ó sì rí i pé ilẹ̀ tó jẹ́ ti ará ìlú tó há ní ọ̀nà yìí, tí èèyàn kò lè dé láìfò kọjá igun, tó mílíọ̀nù 8.3 éékà ní àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn fẹ̀ ju gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ.

Àwọn olówó màlúù ayé ìgbà yẹn ti tètè rí àǹfààní inú rẹ̀. Wọ́n fi waya ẹlẹ́gùn-ún yí ilẹ̀ tiwọn ká ní ọ̀nà tí ti ìjọba á fi há sáàárín. Ní ọdún 1885, ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sé ará ìlú mọ́ ìta ilẹ̀ ìjọba. Òfin ọjọ́ màlúù yẹn gan-an ló gba àwọn ọdẹ Missouri sílẹ̀. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Wyoming dá wọn láre ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Denver fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ olówó náà ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn.

Ẹgbẹ́ tó ní òkè tirẹ̀

Irú ilẹ̀ abala-abala yìí náà ni Yellowstone Club ti hù jáde ní ìpínlẹ̀ Montana. Tim Blixseth, oníṣòwò gẹdú láti Oregon, àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ra ilẹ̀ tó lé ní 160,000 éékà ní ọdún 1992 lọ́wọ́ Plum Creek, ilé-iṣẹ́ gẹdú tó jogún ilẹ̀ rélùwéè. Ẹ̀rù ba àwọn ará Montana pé wọ́n máa gé igi orí òkè Gallatin kanlẹ̀. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin pàṣípààrọ̀ ilẹ̀ ní ọdún 1993 àti ọdún 1998: ìjọba gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà lórí òkè Gallatin, àwọn oníṣòwò náà sì gba ilẹ̀ àti owó níbòmíràn. Apá kan nínú ohun tí wọ́n gbà ló di ilẹ̀ ẹgbẹ́ tuntun náà, tó lé ní 13,000 éékà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Big Sky.

Géètì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ sì wà nídìí géètì. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ tàbí àlejò ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Nínú ọgbà, òkè kan wà tó jẹ́ tiwọn nìkan fún yíyọ̀ lórí yìnyín, pápá gọ́ọ̀fù wà, ilé olówó gọbọi sì wà káàkiri. Kí èèyàn tó lè di ọmọ ẹgbẹ́, ó gbọ́dọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀ níbẹ̀, owó ìwọlé tó lé ní 250,000 dọ́là sì ń dúró dè é lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọdọọdún. Àwọn ìwé ìròyìn ti dárúkọ Bill Gates àti Justin Timberlake mọ́ wọn.

Ẹgbẹ́ náà ti wó lẹ́ẹ̀kan rí. Ní ọdún 2005, Blixseth yá mílíọ̀nù 375 dọ́là lọ́wọ́ Credit Suisse lórúkọ ẹgbẹ́, ó sì kó ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ sí okòwò tara rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ẹgbẹ́ kéde pé òun kò lè san gbèsè mọ́, ilé-iṣẹ́ CrossHarbor láti Boston sì rà á ní mílíọ̀nù 115 ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ilẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ ará ìlú o. Ilẹ̀ tó bá ti gba inú pàṣípààrọ̀ kọjá, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ wọ gbèsè, olówó mìíràn ni yóò rà á.

Ohun tó ń ti inú ọgbà jáde kò bìkítà fún géètì, a sì gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, adágún tí ẹgbẹ́ náà ń kó omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́ sí bẹ́, omi bíi mílíọ̀nù 30 gálọ́ọ̀nù sì ṣàn wọ odò Gallatin, níbi tí ará ìlú ti ń pẹja. Nísinsìnyí, wọ́n ti gbàṣẹ láti fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe yìnyín tí àwọn bọ̀rọ̀kìnní ń yọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ àyíká kan fara mọ́ ọn, torí yìnyín náà máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ padà sínú ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ ṣá.

Ìwé àti bírò lẹ́nu ọ̀nà

Pàṣípààrọ̀ mìíràn tó dá awuyewuye sílẹ̀ wà ní òkè Crazy Mountains ní Montana kan náà, tó jìnnà sí Big Sky. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Àjọ Igbó Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí ìjọba kó ilẹ̀ tí kò tó 4,000 éékà fún àwọn onílẹ̀ agbègbè náà àti Yellowstone Club, kí wọ́n sì fún ìjọba ní ohun tó lé ní 6,000 éékà. Nínú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti rí nǹkan bíi 500 éékà gbà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yọ̀ dáadáa yóò ti máa ṣeré. Ó sì gbà láti náwó sí ojú ọ̀nà tuntun tí yóò gùn tó máìlì 22 ní ẹsẹ̀ Crazy Mountains.

Lórí ìwé, ará ìlú ló jèrè. Ilẹ̀ tó wọlé ju èyí tó jáde lọ, abala-abala yóò dín kù, ọ̀nà tí kò lẹ́jọ́ nínú yóò wà. Àwọn tó tako ó ní kí a wo irú ilẹ̀ tó ń jáde: àfonífojì, etí odò, ibi tí àgbọ̀nrín ńlá máa ń jẹko sí, ibi tí àgbàlagbà àti ọmọdé lè rìn dé. Èyí tó ń wọlé, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òkúta àti yìnyín lókè lọ́hùn-ún. Ní tèmi, òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Éékà kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì, bí a bá sì ń fi iye nìkan wọn ilẹ̀, ẹni tó mọ ibi tó dára ni yóò máa jèrè.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àtijọ́ sì tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀nà kan ti wà nínú máàpù Àjọ Igbó, tí wọ́n gba orí ilẹ̀ aládàáni kọjá. Òfin Montana ní bí ará ìlú bá rin ọ̀nà kan fún ọdún márùn-ún gbáko ní gbangba, láìtọrọ àṣẹ, ẹ̀tọ́ wọn lè fìdí múlẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àṣẹ ni wọ́n gbà, ẹ̀tọ́ ò sí níbẹ̀. Ní ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà, Sweet Grass, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó kọ ọ́ lè rò pé nítorí ààbò ni. Ìṣákọ́lẹ̀ ni: gbogbo orúkọ tó wọ ìwé yẹn jẹ́ ẹ̀rí pé onílẹ̀ ló yọ̀ǹda ọ̀nà, ará ìlú kò sì ní nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Àjọ Igbó gbèjà àwọn ọ̀nà yìí pè é lẹ́jọ́ ní ọdún 2019. Adájọ́ dá àjọ náà láre ní ọdún 2022.

Fún àwọn ènìyàn Crow, òkè mímọ́ ni Crazy Mountains. Ibẹ̀ ni Plenty Coups, olóyè wọn tó lókìkí jù lọ, ti rí ìran nígbà èwe rẹ̀. Orí ilẹ̀ aládàáni ni góńgó tó ga jù níbẹ̀, Crazy Peak, wà báyìí. Àdéhùn pàṣípààrọ̀ náà ní ètò tí àwọn Crow yóò fi máa ráyè gun ún fún ìsìn wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rí i pé àṣẹ ni wọ́n ń gbà lórí òkè baba wọn.

Àṣà kí olówó máa sé ará ìlú mọ́ ìta kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní òkè Adirondack ní ìpínlẹ̀ New York, ó kéré tán àádọ́ta ọgbà àti ẹgbẹ́ ọdẹ àwọn olówó ló ti wà kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí. William Rockefeller, ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ àbúrò John D. Rockefeller, ra èyí tó pọ̀ jù nínú abúlé Brandon, ó sì wó àwọn ilé rẹ̀. Oliver Lamora, sójà àtijọ́ kan tó ti jà nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, kọ̀ láti kó kúrò, ó sì ń pẹja níbi tó ti ń pa á tẹ́lẹ̀. Rockefeller pè é lẹ́jọ́ léraléra, títí ilé ẹjọ́ fi ní kí Lamora san owó ìtanràn fún un. Sẹ́ńtì 18 ni.

Montana fúnra rẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe é lọ́nà mìíràn. Láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ gíga rẹ̀ ti dájọ́ ní ọdún 1984, tí òfin sì tẹ̀lé e ní ọdún 1985, ẹnikẹ́ni lè wọ odò rìn, kó pẹja, kó wakọ̀ ojú omi, ẹni yòówù kó ni ilẹ̀ etí odò, bó bá ṣáà ti gba ojú títì tàbí afárá ìjọba wọlé, tí kò sì kọjá ibi tí omi máa ń kún dé. Àwọn olówó ti gbìyànjú láti yí i padà, ilé ẹjọ́ náà sì tún dúró ti ará ìlú ní ọdún 2014. Ilẹ̀ etí odò Montana kò tìtorí ìyẹn di ọ̀pọ̀. Àwọn olówó ṣì ń dù ú.

Lórí igun ilẹ̀ ńkọ́? Ìpínlẹ̀ mẹ́fà péré, Wyoming, Colorado, Utah, New Mexico, Kansas àti Oklahoma, ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Denver dè. Abẹ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mìíràn ni Montana wà. Àjọ tó ń rí sí ẹranko ìgbẹ́ níbẹ̀ sì ti tún un sọ lẹ́yìn ìdájọ́ náà pé fífò kọjá igun kò bófin mu ní ìpínlẹ̀ àwọn: kí ọdẹ tó bá fẹ́ dé ilẹ̀ ìjọba kọ́kọ́ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀.